Ọkọ̀ Amọ̀ Lórí Pẹpẹ

Àbúrò mi Morákinyọ̀ kò bá oríire pàdé lójú ọ̀nà; ó lé e bá ni. Baba wa, kí ó tó kú, jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Dagenham, nílẹ̀ òyìnbó tí a ń gbé, níbi tí ó ti ń fi iná jó irin pọ̀ títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi. Ó máa ń sọ fún wa pé òun mọ bí a ṣe ń to ọkọ̀, ṣùgbọ́n pé òun kò tíì fojú kan ẹni tí ó kọ́kọ́ ronú nípa ọkọ̀ kankan rí. Ọmọ kékeré ni Morákinyọ̀ nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun ni baba wa yóò fojú kàn.

Bí ìsìn bá gùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ìwé orin ni ó máa ń ya ọkọ̀ sí. Màmá wa, Magdalene, a gbá a létí, a sì tún fi ìwé náà pamọ́ sínú Bíbélì. Ní ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ kan gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, nítorí pé ẹni tí ó ti Barking wá, títún ọkọ̀ ṣe ni tirẹ̀, yíya ọkọ̀ kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ọkọ̀ yíyà dá a padà kí wọ́n tó gbà á. Nígbà tí ó sì jáde, ilé iṣẹ́ tí ó gbà á fi í sí ìdí ọwọ́ ìlẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń ya ọwọ́ ìlẹ̀kùn nìkan. Lẹ́yìn náà wọ́n fún un ní dígí ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn dígí, iná ẹ̀yìn. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, tí ọwọ́ wọn kò sì dá ṣáṣá tó tirẹ̀, ti ń ya odindi ọkọ̀. Kò ráhùn. Bí a bá jọ ń rìn lọ ní Longbridge Road, ó máa ń dúró, á sì na ìka:

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ọkọ̀ dúdú yẹn. Ọwọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀, tèmi ni.”

Inú mi a sì dùn bí ẹni pé òun ni ó ya ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́bàá etí kí wọ́n tó fún un ní odindi ọkọ̀ kan, ọkọ̀ kékeré tí ń lo iná mànàmáná, tí ó lè gbé ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún láìjẹ́ pé orúnkún ẹnikẹ́ni kan àgbọ̀n. Baba wa ti lọ. Èmi ni mo wé gèlè lọ́jọ́ tí ó wá ròyìn rẹ̀ fún wa, nínú ilé mi ní Upney, láàárín ọ̀sẹ̀, láìsí ayẹyẹ kankan.

Ọkọ̀ kì í ti orí bébà bọ́ sí ojú títì. Bí ayàwòrán bá yà á tán, wọn a fi amọ̀ mọ ọ́n ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí àwọn ọ̀gá lè yí i ká kí wọ́n sì fi ọwọ́ pa á lára. Amọ̀ yìí kì í ṣe amọ̀ etí odò. Àwọ̀ ilẹ̀ ni ó ní, inú ààrò ni wọ́n ti ń mú un rọ̀, bí ó bá sì tutù tán a le bí ọṣẹ. Ẹni tí ó mọ ọkọ̀ àbúrò mi ni Ummuhani, obìnrin Ẹ̀gbá, ìyá ọlọ́mọ méjì, tí òun àti Kàmọ́rù ọkọ rẹ̀ ń gbé nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Gascoigne. Morákinyọ̀ mú tọkọtaya náà wá jẹun ní ilé mi ní ọdún Kérésìmesì. Kí obìnrin náà tó fọwọ́ kan oúnjẹ ni ó ti kọjú sí mi:

“Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó purọ́ fún yín o. Ọkọ̀ tí Bọ́ọ̀dá Morákin yà, kò ní ìdí. Pẹrẹsẹ báyìí ni. Èmi ni mo fún un ní ìdí.”

“Ìdí tó o fún un ti pọ̀ jù,” ni Morákinyọ̀ wí. “Ó jọ ti màmá mi.”

“Ìdí tó ò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn lo gbára lé lẹ́yìn mi tó o fi dàgbà,” ni màmá wa dá a lóhùn. “Ummuhani ọmọ mi, jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ yẹn tóbi dáadáa. Má dá a lóhùn.”

A rẹ́rìn-ín títí Kàmọ́rù, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fi gbé ṣíbí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ ara wa.

Nínú yàrá amọ̀ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fọ́tò. Ní ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń lẹ bébà pélébé mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù gbogbo ẹni tí ó bá ń wọlé, nítorí pé bí àwọn abánidíje bá rí ọkọ̀ kí ó tó jáde, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lè di òfo. Ní ìgbà ìrúwé tó kọjá, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí àwọn ọ̀gá pinnu bóyá ọkọ̀ Morákinyọ̀ ni wọn yóò gbé jáde tàbí ti ayàwòrán mìíràn, àwòrán ọkọ̀ amọ̀ náà ṣàdédé yọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ náà dà rú. Wọ́n wo ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tí ó wà nínú rẹ̀ àti ibi tí iṣẹ́ amọ̀ náà dé, wọ́n sì mọ ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n yà á. Àwọn méjì péré ni ó wà nínú yàrá ní ìrọ̀lẹ́ náà, Morákinyọ̀ àti Ummuhani. Wọ́n bi Morákinyọ̀. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n ní kí Ummuhani lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi pè é wá wí tẹnu rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó wá bá mi. Kò fẹ́ jókòó.

“Àǹtí, wọ́n ní mo ta fọ́tò. Èmi! Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ẹ bá mi bá àbúrò yín sọ̀rọ̀. Kò gbé fóònù mi mọ́ látìgbà tọ́rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.”

“Jókòó ná, Ummuhani.”

“Bí mo bá jókòó, mo máa sunkún, mi ò sì fẹ́ sunkún nílé onílé. Ẹ wò ó, tó bá jẹ́ ti iṣẹ́, mo lè wá òmíràn. Mo lè máa fọwọ́ yìí mọ kéèkì ìgbéyàwó, kí n mọ ọ́n bí ààfin. Orúkọ ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti ń wá òmíràn?”

Ó fi àwòrán náà hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ọkọ̀ náà dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, ó ń dán. Ní ìsàlẹ̀ àwòrán, aṣọ funfun kan yọ etí díẹ̀.

“Aṣọ yẹn ni wọ́n fi mú mi,” ni Ummuhani wí. “Wọ́n ní àkísà tí mo fi ń nu amọ̀ ni. Àǹtí, àkísà tèmi ò funfun báyìí rí láyé! Bí mo bá ní àkísà tó mọ́ tó yìí, mo máa fi í rán aṣọ fún ọmọ mi ni.”

Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mú un súnmọ́ ojú. Ní etí aṣọ náà, òwú búlúù kan wé bí okùn, ó sì ní kókó ní gbogbo ibi tí ó bá ti yí. Kò sí ẹlòmíràn tí ń rán aṣọ báyìí. Màmá wa ni ó ń ta kókó sí gbogbo ìyípo òwú, nítorí pé kò gbẹ́kẹ̀ lé òwú kankan. Aṣọ pẹpẹ ìjọ wa ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi rán an, ojú mi ni ó sì ṣe.

N kò sọ fún Ummuhani ní wákàtí náà, nítorí pé mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó ṣe é. Mo sin ín dé ẹnu ọ̀nà, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Barking Riverside, níbi tí àbúrò mi ra ilé sí, tí odò Thames ń kọjá lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Mo bá màmá wa níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Morákinyọ̀ wà nídìí tábìlì, ó ń jẹ ìrẹsì.

“Morákinyọ̀, ta ló gbé àwòrán ọkọ̀ rẹ lọ sórí pẹpẹ?”

Ṣíbí rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà ẹnu. Màmá wa ni ó dáhùn.

“Ṣé wọn kì í gbé àwòrán lọ sórí pẹpẹ ni? Adékẹ́mi, ìwé ìrìnnà tìẹ ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ ilé tó o wà nínú rẹ̀ yẹn, ṣebí ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi sùn níwájú àbẹ́là.”

“Màmá, kọ́kọ́rọ́ tèmi kì í ṣe àṣírí ẹlòmíràn.”

Morákinyọ̀ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Wòlíì Jésùfẹ́mi ti ìjọ wa ni ó ríran sí i pé ẹnì kan fẹ́ gba ògo ọkọ̀ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, àfi bí àwòrán rẹ̀ bá wà níwájú Olúwa pẹ̀lú àbẹ́là méje. Ó ṣí bébà kúrò lójú kámẹ́rà nígbà tí Ummuhani lọ fọwọ́, ó ya fọ́tò, ó tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìwé, ó sì gbé e fún Wòlíì. Ohun tí gbogbo wọn gbàgbé ni kámẹ́rà ìjọ. Láti ọdún àrùn kòrónà ni ó ti wà lára ògiri, tí ó kọjú sí pẹpẹ tọ̀sán-tòru, kí àwọn ará wa ní Nàìjíríà lè máa bá wa gbàdúrà lórí fóònù. Ẹnì kan tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ ju àdúrà lọ rí i níbẹ̀, ó gé àbẹ́là kúrò lára rẹ̀, ó sì jù ú sí ìta fún gbogbo ayé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa rántí kámẹ́rà níwájú Ọlọ́run?”

“Èyí jẹ́ àṣìṣe, mo gbà. Nígbà tí wọ́n wá bi ọ́, kí lo wí?”

“Mo ní mi ò mọ̀.”

“Kí ló dé?”

“Ṣé kí n sọ fún àwọn òyìnbó yẹn pé mo gbé ọkọ̀ wọn síwájú àbẹ́là méje? Ẹ mọ ojú tí wọ́n máa fi wò mí? Látìdí ọwọ́ ìlẹ̀kùn ni mo ti bẹ̀rẹ̀! Wọ́n á ní, àbí ẹ ò rí i, a ti mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn.”

“O wá jẹ́ kí wọ́n fojú olè wo Ummuhani.”

“Ummuhani mọṣẹ́. Iṣẹ́ á wá a wálé. Tó bá yá, gbogbo wọn á gbàgbé.”

“Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, Morákinyọ̀. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.”

N kì í jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ẹnu mi jáde nídìí oúnjẹ. Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó sì tún bu ìrẹsì. Ó ń jẹ ẹ́. Ó ń fara balẹ̀ jẹ ẹ́, ó ń ṣa egungun ẹja sí ẹ̀gbẹ́ kan àwo. Mo wo ẹnu náà, ẹnu tí mo ti fi ọwọ́ mi bọ́ nígbà tí màmá wa bá wà níbi iṣẹ́, mo wo òróró tí ó ń tàn ní igun rẹ̀, ara mi sì kọ̀ ọ́ bí ẹni tí ó fẹsẹ̀ tẹ nǹkan rírà. Ó sẹ́ Ọlọ́run rẹ̀ níwájú òyìnbó nítorí ìtìjú, ó sì sẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kí ó lè rí ibi fi ìtìjú náà pamọ́ sí. Ìrẹsì sì ń dùn mọ́ ọn.

“Adékẹ́mi, àbúrò rẹ ni,” ni màmá wa wí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. “Bó o bá tú u, ta ló máa bá ẹ bò ó?”

“Màmá, ẹ jẹ́ kó tú ara rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ò jìnnà. Kó lọ bá wọn, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ṣé o gbọ́, Morákinyọ̀?”

“Mo gbọ́, mà.”

Mo gbà pé ó gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, mo bọ́ bàtà mi sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn, mo sì jókòó ní ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin. Nígbà tí ó kan ẹ̀rí jíjẹ́, Morákinyọ̀ jáde síwájú. Ó wọ sùtánà funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lásán. Ó kọjú sí kámẹ́rà.

“Ẹ bá mi yin Olúwa! Ọ̀tá wà níbi iṣẹ́ mi. Obìnrin ni. Ó jókòó, ó jẹun lórí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi, ó ń bá wa rẹ́rìn-ín! Òun ló ta àṣírí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ọlọ́run ti tú u, wọ́n ti lé e sílé!”

“Halelúyà!” ni ìjọ ké.

“Ṣé mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?” ni Wòlíì Jésùfẹ́mi wí, ẹni tí ó mọ̀ dájú ohun tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ sórí pẹpẹ. Ó lu agogo. Wọ́n dá orin sílẹ̀.

Èéfín tùràrí tí mo ti ń fà símú láti ìgbà ọmọdé, tí ó máa ń tù mí lára, dé ọ̀dọ̀ mi, n kò sì fẹ́ ẹ mọ́. Mo fi ìborùn bo imú. Ní ìjọ wa obìnrin kì í dé ibi pẹpẹ láti sọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe ni, ibẹ̀ ni n bá ti dá a lóhùn. Mo jókòó títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́, mo sì lọ dúró dè é níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wá bàtà.

“Kí lo sọ yẹn?”

“Wòlíì ló ní kí n jẹ́rìí kí ọ̀rọ̀ náà lè kúrò lọ́kàn mi. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Obìnrin Yorùbá mélòó ló ń fi amọ̀ mọ ọkọ̀ ní Barking? Èwo nínú wọn ló tún jẹun nílé mi?”

Kí ó tó rí èsì, ìyá kan kọjá, ó fọwọ́ gbá a léjìká.

“Bọ́ọ̀dá Morákin, ẹ kú oríire! Ọlọ́run á máa tú wọn fún wa, wọn ò ní í rójú!”

“Àmín, Màmá,” ni àbúrò mi wí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Àmín, àṣẹ.”

Mo wọ bàtà mi, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ sí Gascoigne. Kàmọ́rù ni ó ṣílẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ ti pè láti Abẹ́òkúta kí n tó dé. Aládùúgbò ìyá náà kan, tí ó mọ ibi tí Ummuhani ti ń ṣiṣẹ́, ń wo ìsìn wa lórí fóònù, ó sì ti ké sí gbogbo àgbàlá. Mo jókòó, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún Ummuhani láti orí òwú búlúù dé orí Àmín. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin láìdá sí i.

“Ṣé aṣọ pẹpẹ yín ni wọ́n ń pè ní àkísà mi?”

“Òun ni.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, a kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà yí padà. Kàmọ́rù kò rẹ́rìn-ín rárá.

“Àǹtí,” ni ó wí, “ẹ̀yin àti èmi ò ní nǹkan kan sí ara wa. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ẹ máa lè sọ ọ́ níwájú àwọn tó ni iṣẹ́? Ọmọ ìyá yín ni o.”

“N óò sọ ọ́.”

Mo sì sọ ọ́. Ọjọ́ Ajé kọjá, àbúrò mi kò lọ bá wọn. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, mo ní kí àwọn tí ó pe Ummuhani jẹ́ kí n wọlé, wọ́n sì gbà lẹ́yìn ìjiyàn díẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí pẹpẹ jẹ́ fún wa, àti ìdí tí a fi ń gbé ohun tí a bá fẹ́ kí Ọlọ́run ṣọ́ lọ síbẹ̀. N kò fi ṣe àwàdà, n kò sì tọrọ àforíjì nítorí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó wò mí bí Morákinyọ̀ ti bẹ̀rù pé wọn yóò wo òun. Wọ́n pè é wọlé. Ó wo ilẹ̀, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n bẹ Ummuhani, ó padà sídìí amọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ náà ni wọ́n pinnu láti gbé jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà á kúrò lọ́wọ́ àbúrò mi, ẹlòmíràn ni yóò parí rẹ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí màmá wa, ògiri ni ó ń dá lóhùn. Àwọn ará ìjọ ní mo ta ọmọ ìyá mi fún òyìnbó. Mo gbọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí àbúrò mi jẹ́ ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ìjọ ń fi ìsìn sí. Wòlíì kò yọ ọ́ kúrò. Ní ọjà Barking, àwọn obìnrin kan ń fa báàgì wọn mọ́ra bí Ummuhani bá dúró tì wọ́n, ní Abẹ́òkúta sì ni ìyá ọkọ rẹ̀ kò ti dáwọ́ dúró láti máa bi Kàmọ́rù pé kí gan-an ni ìyàwó rẹ̀ tà. Mo ránṣẹ́ sí Morákinyọ̀. Èsì tí ó fi ránṣẹ́ padà ni pé òun ti pàdánù ọkọ̀ tí òun fi gbogbo ayé òun dúró dè, kí ni wọ́n tún ń fẹ́ lọ́wọ́ òun.

Kò sí ẹni tí ó fẹ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ Ummuhani ni gbèsè tí ó jẹ. Níwájú pẹpẹ ni ó ti bà á jẹ́, níwájú kámẹ́rà àti ìjọ, ibẹ̀ kan náà ni yóò sì dúró sí láti dá a padà: yóò dárúkọ obìnrin náà ketekete, yóò wí pé kò ta ohunkóhun, yóò sì wí pé òun Morákinyọ̀ ni ó ya fọ́tò náà tí ó sì gbé e wá. Ohun tí ó jẹ nìyẹn, kò sì tíì san án.